Ẹnì Kẹta Tí Màmá Ògo Kò Bi Léèrè

Bí ẹ bá jẹ́ Yorùbá tó gbé ní Jos, tí ọmọ yín sì fẹ́ gbéyàwó kí ayé tó di ayé fóònù, ó dájú pé ẹ gbọ́ orúkọ Màmá Ògo. Bí ẹ̀yin kò bá gbọ́ ọ, ìyá yín gbọ́ ọ. Òun ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́ ìwádìí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jos, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí Jos, tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń lálàá, ta ló mọ ilé tó ti ṣẹ̀ wá? A rí i pé ó ń múra dáadáa, ó ń kí èèyàn, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ó dáa. Kí ló wà nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé kò sí àrùn kan tí wọ́n ń jogún lọ́wọ́ ara wọn? Màmá Ògo ni yóò wọ mọ́tò, yóò lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún, yóò sì padà wá sọ ohun tó rí. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ìgbéyàwó náà á ṣeé ṣe tàbí kó fọ́.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Lydia Akínladé. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Jenta Adamu ló ń gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ògoolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà, Sátidé Sátidé ló máa ń pè é.

Kì í ṣe olófòófó o, ẹ má ṣì í gbọ́. Àwọn tó ń pè é ní olófòófó nígbà náà, àwọn náà ló ń wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ọmọ tiwọn mú ẹni wálé. Ó ní ìlànà. Ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bi léèrè kó tó la ẹnu: ìyàwó ilé kan tó ti pẹ́ ní agboolé náà, tí kò lójú ẹnikẹ́ni tó ń wò mọ́, aládùúgbò kan tí òun pẹ̀lú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́, àti ẹnì kan tó ti bá wọn gbé ní ìdálẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta bá bára mu, ó parí. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, tó sì ń kó wọn pa mọ́ sínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sun àwọn ìwé náà.

Oṣù Kẹjọ tó kọjá ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, tí gbogbo Jos ń wọ súwẹ́tà kiri. Ojúọlápé mú ìwé kan wá fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeé.

Ojúọlápé Oníkòkò ń ta ìwé òkìríkà lórí tábìlì kan ní ọjà Terminus. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, kò lọ́kọ, kò bímọ, yàrá kan ló ń gbé ní Àpáta. Ojoojúmọ́ tó bá ti palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́, ó máa ń yà sọ́dọ̀ Màmá Ògo ní Jenta. Á bá a pọn omi, á bá a ka iye oògùn tó yẹ kó lò, wọ́n á sì jọ jókòó mu tíì. Bí Màmá Ògo bá ṣàìsàn, òun ló ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ká má parọ́, òun ni ọmọ tí màmá yẹn ní ní Jos.

Ó kàn jẹ́ pé ó ní àwọn ìwà kan. Bó bá rẹ́rìn-ín, á sáré fọwọ́ bo ẹnu, á sì wo ọ̀tún wo òsì. Kò sóhun tí kì í kọ sínú ìwé pélébé kan tó máa ń wà nínú àpò rẹ̀, àní bó ṣe iyọ̀ ló fẹ́ rà. Ìgbà mìíràn, bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tán, á ní, "Màmá, ṣé mo ti sọ eléyìí fún yín rí?" Ohun tí kò sọ rí ni. Màmá Ògo kà á sí ìwà ẹni tó ti dá gbé pẹ́. Ẹ gbọ́ ná: obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún wádìí ọmọ ọlọ́mọ kiri, kò béèrè ìdí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí àga tó kọjú sí i.

Ìwé tó mú wá náà nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Àròkọ mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn lórí àwọn ọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò rí ìdí wọn, àti lórí àwọn èèyàn tí kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà sinmi. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ta ilé rẹ̀ nítorí ọkọ̀ ojú omi tó rì kí wọ́n tó bí i. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó fi ọdún mọ́kànlá kọ nọ́ńbà gbogbo mọ́tò tó kọjá níwájú ilé rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Ògo gbádùn wọn dé góńgó. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àga, ó ń sọ fún ọlọ́kọ̀ ojú omi pé kó lọ wá iṣẹ́ ṣe. Àròkọ mẹ́fà ló kà láàárín ọjọ́ méjì.

Ọ̀sán Fúráìdeé ló dé ìkeje. Ọlọ́pàá kan ló wà nínú rẹ̀, ní ìlú olótùútù kan, níbi tí ọmọ kan ti sọnù. Ọlọ́pàá yìí fura sí ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Kò rí i mú, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀sùn náà kàn án fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ilé búrẹ́dì náà kógbá sílé. Ìyàwó ọkùnrin náà lọ. Òun náà sì dá kú sínú yàrá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹni tó kọ àròkọ náà wá lọ yẹ ìwé ọlọ́pàá yẹn wò. Ó bá ojú ewé kan níbi tó kọ ọ́ sí pé òun fẹ́ bi ìyá kan léèrè nílé ẹ̀gbẹ́ afárá. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kò sí nílé. Kò padà lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn gan-an ló rí ọkùnrin oníbúrẹ́dì náà níbòmíràn lọ́jọ́ tí ọmọ sọnù.

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Màmá Ògo. Ó jókòó síbẹ̀ títí tíì fi tutù, kò sì tẹ ẹnu bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, kò sí nílé, òun náà ti kọ ọ́ rí. Ó mọ ibi tó ti kọ ọ́, ó sì mọ orúkọ ọmọ tó kọ ọ́ lé lórí.

Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn ni. Ìyá Súnkànmí, tí ọkọ rẹ̀ ń ta pákó ní Katako, ló wá bá a pé Súnkànmí fẹ́ fẹ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Ojúọlápé Oníkòkò. Bàbá ọmọ náà ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Èkìtì, kò sì mọ̀ ju orúkọ lọ nípa ilé ọkọ. Agboolé Oníkòkò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo èèyàn mọ bàbá náà sí. Orúkọ yẹn ló fi ń san owó orí, òun náà ni wọ́n kọ sára ibojì rẹ̀ ní Jos níbí. Màmá Ògo bá wọ mọ́tò.

Ó dé agboolé Oníkòkò. Ní ẹ̀yìnkùlé, ó rí ọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sínú igi, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé tó bi léèrè sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé àrùn ọpọlọ ni, pé bó ṣe mú àbúrò bàbá rẹ̀ náà nìyẹn, pé obìnrin ilé náà kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá Ògo bi í bóyá tiwọn ni Oníkòkò tó kú sí Jos. Ìyá náà ní tiwọn ni. Aládùúgbò tí kò fẹ́ràn wọn náà sọ nípa àrùn yẹn, ó tún fi ti ẹlòmíràn kún un. Ẹnì kẹta ni Bàbá Jóṣúà, tó ti bá wọn ṣòwò ní Jos fún ọdún pípẹ́ kó tó padà sílé. Wọ́n ní ó lọ sóko, ó di ọ̀la. Ilé ìwé sì máa wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́tò òwúrọ̀ ni Màmá Ògo wọ̀.

Ó padà wá sọ ohun tó rí fún Ìyá Súnkànmí. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi kó Súnkànmí lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní Ìlọrin. Ibẹ̀ náà ló ti gbéyàwó.

Ọdún yẹn náà ni Màmá Ògo rí Ojúọlápé ní Terminus, ó rù hangogo, ó ń to ìwé sórí tábìlì. Àánú ṣe é. Ó ra ìwé kan, ó padà ra òmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe mọra. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ará Èkìtì kú, Màmá Ògo ló dúró bí ìyá. Kò sọ fún un rí pé òun ni wọ́n rán. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kó sùn ni pé òótọ́ lòun sọ. Ó dun ọmọ náà, àmọ́ òótọ́ ni. Ó ti gbára lé òótọ́ yẹn fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ó kúnlẹ̀, ó fa àpótí irin jáde, ó wá ìwé náà rí. Ìwé ọwọ́ tirẹ̀ ni, ìkọ̀wé tíṣà, ó gún régé. Ohun tó kọ sókè pátápátá ni pé ọmọ náà ga, eyín rẹ̀ ní èjí, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá kan ohun tí ìyàwó ilé sọ, ohun tí aládùúgbò sọ. Nísàlẹ̀ ló wá rí i: Bàbá Jóṣúà, kò sí nílé. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí.

Ojúọlápé dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bó ṣe ń ṣe. Ó bi í pé èwo ló kà dé. Màmá Ògo ní òun wà ní ti ọlọ́pàá. Ojúọlápé ní ìyẹn ló dùn mọ́ òun jù nínú ìwé náà, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí òun ti kà á. Màmá Ògo pa ìwé náà dé. Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ọlọ́pàá? Ṣé ọmọ yìí ti mọ̀ ni? Ṣé ìdí tó fi gbé ìwé náà wá nìyẹn? Ó ń wò ó bó ṣe ń fọ ife, ó ń wá nǹkan kan lójú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Bó ti lọ tán, ó ṣí ojú ewé náà padà, ó sì rí i pé wọ́n ti fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín síbì kan. Kì í ṣe ibi tí ọlọ́pàá ti kan ilẹ̀kùn. Ìlà náà wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti sọ pé nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọkùnrin oníbúrẹ́dì náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ló ṣe é tàbí òun kọ́. Màmá Ògo kà á títí, kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fa ìlà sábẹ́ irú ìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé ó pe Olúsọjí, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ta oògùn oko ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kó lọ wá ilé Bàbá Jóṣúà, kó béèrè nípa Oníkòkò tó kú sí Jos. Ó kà á fún un bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ fún ọmọ kíláàsì kẹta: bó bá ti kú, bi ìyàwó rẹ̀, má bi ẹnì kan dúró, kọ orúkọ wọn sílẹ̀, má ṣe sọ ìdí tó o fi ń béèrè. Olúsọjí ní òun ti gbọ́. Nígbà tí Ògoolúwa pè lọ́jọ́ náà, ó ní ohùn ìyá òun kò dún dáadáa. Màmá Ògo ní òtútù ni.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi retí. Ọjọ́ mẹ́fà tí fóònù kì í kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń gbàdúrà, kò sì mọ èyí tó yẹ kó gbà. Bí Olúsọjí bá bá òótọ́ rẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé òun kò ṣe ibi, ọ̀rọ̀ parí. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kí àrùn náà wà lára ọmọ tó ń fọ ife rẹ̀. Ó gbà á ládùúrà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ara rẹ̀ tì í, ó bẹ Ọlọ́run pé kó má gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán Fúráìdeé, Olúsọjí pè. Bàbá Jóṣúà ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ìyá náà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ orúkọ. Ó ní Àkànní yẹn, bàbá Ojúọlápé, kì í ṣe ọmọ Oníkòkò rárá. Ìrẹsà-Adú ni wọ́n ti gbé e wá lọ́mọdé pé kó wá máa ran bàbá Oníkòkò lọ́wọ́ nídìí òwò. Bàbá náà mú un dání lọ sí Jos, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n sì kọ mọ́ ọn lára níbẹ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n fi òun sọ́dọ̀ èèyàn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Olúsọjí lọ bá baálé agboolé Oníkòkò. Baálé ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò, ẹni tó bá ti jẹun nílé àwọn, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ àwọn lára rẹ̀. Olúsọjí gun ọ̀kadà dé Ìrẹsà-Adú. Ó bá àbúrò Àkànní tó jẹ́ obìnrin, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó ní àwọn ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti òkè ọya bọ̀, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó bi Olúsọjí bóyá Àkànní bímọ. Olúsọjí bá bi í bóyá irú àrùn yẹn wà nílé wọn. Ìyá náà ní orúnkún dídùn ni tiwọn.

Olúsọjí ń pè é, "Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ó lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Súnkànmí ti lọ́mọ tó wọ yunifásítì. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bó bá dákẹ́, Ojúọlápé á wá lọ́la, á pọn omi, á bá a mu tíì, títí ọjọ́ tí wọn yóò fi gbé e lọ sílé. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè má rí i mọ́ láé, ta ni yóò sì kù fún un? Gbogbo èyí ló rò. Ó rò ó lóru Fúráìdeé, ó rò ó ní gbogbo Sátidé. Àìlera ló fi bo ara, ó ní kí Ojúọlápé má wulẹ̀ wá. Ohun tí kò jẹ́ kó lè dákẹ́ ni arúgbó tó ń béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun bímọ.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, ó gba inú òjò lọ sí Àpáta. Ojúọlápé ya ẹnu nígbà tó rí i, ó sáré gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún lẹ́sẹ̀, ó ń bá a wí pé ta ló ní kó jáde. Ó gbé fúláàsì, ó fẹ́ da omi gbígbóná. Màmá Ògo rò ó pé bí òun bá fi lè mu tíì ilé yìí, òun kò ní lè sọ ọ́ mọ́.

"Ojúọlápé, èmi ni Ìyá Súnkànmí rán lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Ojúọlápé gbé fúláàsì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo mọ̀ pé wọ́n rán èèyàn," ó ní. "Àbúrò Súnkànmí ló sọ ohun tí ẹni náà rí fún mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Ògo ṣe gbọ́ pé ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú igi yẹn láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sẹ́nu tú ká. Ó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀: Bàbá Jóṣúà tó lọ sóko, mọ́tò òwúrọ̀, ìlà tó fà sábẹ́ ìwé, ìyàwó Bàbá Jóṣúà, baálé, ìyá arúgbó tó wà ní Ìrẹsà-Adú. Ó ní àṣìṣe ni. Ó ní ilé Oníkòkò kì í ṣe ilé wọn, kò sì fìgbà kan jẹ́ ilé wọn. Kò sí àrùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ," ni Ojúọlápé wí.

Màmá Ògo tún un sọ. Ojúọlápé di ojú, ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún un sọ.

Ohùn ọmọ náà kò lọ sókè. "Láràárọ̀, kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, mo máa ń ka orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì wa nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ẹni mọ́kànlélógójì. Bí mo bá kà wọ́n tán láì fo ẹnì kan, màá mọ̀ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún, Màmá. Ó ní àárọ̀ tí mo gbàgbé ẹnì kan. Mi ò jáde lọ́jọ́ náà. Mo jókòó síbí, mò ń retí rẹ̀."

Màmá Ògo wá mọ̀. Ìwé pélébé inú àpò. Ọwọ́ tó ń bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ṣé mo ti sọ eléyìí fún yín rí. Ìlà pẹ́ńsù lábẹ́ ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ń mu tíì lé e lórí.

"Timothy tí ẹ bá mi jà lé lórí," Ojúọlápé ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "tíṣà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó fẹ́ fẹ́ mi, ẹ ní mò ń ṣakọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ bí ọmọ tí wọn yóò so mọ́gi ni."

Màmá Ògo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ìyá tó lé ní àádọ́rin ọdún kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ á fò dìde, á gbé e nílẹ̀, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é léèwọ̀. Ojúọlápé kò dìde. Ó wò ó lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ẹni mélòó ni Olúsọjí bi léèrè?"

"Mẹ́ta," ni Màmá Ògo dáhùn. Ó dárúkọ wọn.

Ojúọlápé yọ ìwé pélébé jáde, ó kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kó tún pe ti Ìrẹsà-Adú kí òun má baà ṣì í kọ. Lẹ́yìn náà ó mú agboòrùn, ó gbé e ti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ sílé, Màmá," ó ní. "Òjò ti dá." Màmá Ògo fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àga mú, ó dìde.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò wá. Kò wá lọ́jọ́ Túsìdeé. Màmá Ògo pè é ní ìgbà méje, fóònù kò lọ. Ìbẹ̀rù mú un, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jókòó. Ó ń ro ọ̀rọ̀ burúkú. Ó ń ro yàrá Àpáta, ilẹ̀kùn títì, òun náà tó wá kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, ó fi ìwé àròkọ náà sínú báàgì kó lè dá a padà, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Terminus.

Wọ́n ti fi tápólì bo tábìlì náà, wọ́n fi okùn dì í. Màrdíyyàh, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Jos, tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló rí Màmá Ògo tó dúró níwájú tábìlì. Ó fún un ní àpótí kó jókòó. Ó ní Àǹtí Ojúọlápé ti lọ o, mọ́tò àárọ̀ Mọ́ńdè ló wọ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Òun bi í pé gida wo, ṣé kì í ṣe Àpáta ni ilé ẹ? Ó ní rárá, ilé bàbá òun.

Màmá Ògo bi í bóyá ó fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún òun.

"Babu," ni Màrdíyyàh wí. Kò sí.

Ó tún bi í. Bóyá ìwé ni, bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu. Màrdíyyàh ní wàláì, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó wá rántí nǹkan kan, ó ní ó ya òun lẹ́nu. Nígbà tí mọ́tò ń gbéra, awakọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, Àǹtí Ojúọlápé bú sẹ́rìn-ín lójú wíńdò, kò fọwọ́ bo ẹnu, gbogbo èèyàn ń wò ó, kò sì bìkítà.

"Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń jókòó tì í," Màrdíyyàh ní, "mi ò mọ̀ pé eyín ẹ̀ ní èjí. Ṣé ẹ̀yin mọ̀, Màmá?"

"Mo mọ̀," ni Màmá Ògo dáhùn. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó mú ìwé àròkọ náà jáde nínú báàgì, kò rí ẹni tó máa fún, ó dá a padà síbẹ̀. Ó bi Màrdíyyàh bóyá ó sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Màrdíyyàh ní kò sọ.